Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ọkàn Wa: Ìdáhùn sí Àwọn Lẹ́tà Yín

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ni lẹ́tà ti ń wọlé sí wa, tí àwọn mìíràn sì ń dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun àṣàmú láti béèrè ohun kan náà: "Dókítà ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù mi ti ga. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé epo pupa ló fà á? Ṣé kí n ṣì máa gbààwẹ̀ lọ?"

Ìyá kan wà nínú àwọn tó kọ̀wé. Ó ní ọkọ òun, ẹni ọdún 52, jí ní sààrì, ó jẹun tán, ó ní àyà ń dun òun bí ẹni gbé ọlọ lé òun láyà. Wọ́n fún un ní omi gbígbóná àti oògùn inú rírun, wọ́n ní atẹ́gùn ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dákẹ́. Àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá náà sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé òun kò wá ẹni tí òun yóò bá jà, òun kàn fẹ́ mọ ohun tó pa ọkọ òun, nítorí pé òun ní ọmọkùnrin mẹ́ta.

A ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ rédíò kí á sọ ohun tó pa ẹni tí a kò fojú rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yìí, pàápàá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, ló jẹ́ kí á fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tòní sí orí ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í ṣe májèlé. Irú ọ̀rá kan ni, ó rí bí ìda. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun lé gbogbo rẹ̀ jáde lára, kò mọ ohun tó ń tọrọ. Ó wà nínú ohun tí ara fi mọ ògiri gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro tó ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá. Láti ara rẹ̀ ni àwọn họ́mọ̀nù tó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin, tó ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin, ti ń wá, àti fítámì D tí awọ wa ń ṣe nígbà tí oòrùn bá ta sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe pé a gbà á ẹnu jẹ, ara wa ló ń ṣe é, ẹ̀dọ̀ ni ó sì jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. Ìyókù ń bá ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹja wọlé.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà rìn. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, omi àti ọ̀rá kì í sì í dàpọ̀. Nítorí náà ẹnìkan ní láti gbé e. Ẹ rántí ọjà Bódìjà ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá já ẹrù, bí àwọn alábàárù ṣe ń gbé ẹrù káàkiri. Alábàárù tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kiri gbogbo ara ni àwọn dókítà ń pè ní LDL. Alábàárù kejì, tó ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù káàkiri padà wá sílé, ni HDL. Lára ẹ̀dọ̀ ni ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí LDL ń gbà wọlé padà nígbà tó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Texas, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló ṣàwárí ilẹ̀kùn yìí, òun ni wọ́n sì torí rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985.

Bí ilẹ̀kùn bá pọ̀, LDL kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀kùn bá kéré, ó di alárìnkiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni ọ̀rá náà ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan bí ìdọ̀tí ṣe ń dí páìpù omi. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Inú ògiri iṣan fúnra rẹ̀ ni LDL ń wọ̀ sí. Àwọn ọmọ ogun ara tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò wá gbé e mì, wọn yóò yó ju bó ti yẹ lọ, wọn yóò kú síbẹ̀, ibẹ̀ yóò sì wú bí eéwo. Eéwo yìí kì í dunni. Ó lè wà níbẹ̀ fún 20 ọdún, 30 ọdún, kí ẹni tó ni ín máa jẹ, máa mu, máa ṣòwò. Ọjọ́ tí orí rẹ̀ bá já ni ẹ̀jẹ̀ yóò sáré wá dì síbẹ̀, nítorí ohun tí ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ní ojú ọgbẹ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó dì náà ló ń dí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ iṣan tó ń bọ́ ọkàn ló dí, ọkàn kò ní rí ẹ̀jẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ kùtùkùtù sì ni ti ọkàn máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lánàá lè ṣubú lónìí láìsí pé ẹnikẹ́ni ta ọfà sí i? Ó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Àyà tó ń fún bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé, tó ń lọ sí apá òsì, sí ẹ̀yìn tàbí sí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, pẹ̀lú òógùn tútù àti èémí tí kò já gaara, ẹ má pè é ní atẹ́gùn. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má sì wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin àti àwọn alátọ̀gbẹ tilẹ̀ wà tí àyà kò ní dùn, rírẹ̀ àti èébì lásán ni wọn yóò rí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ epo pupa. A mọ̀ pé ibí yìí ni ìjà wà, nítorí apá kan ní epo pupa ló ń pa wá, apá kejì ní oúnjẹ bàbá wa ni, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Kò sí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kan tí a lè tọ́ka sí nínú epo pupa. Àwọn tó kọ ọ́ sára ike òróró pé "kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù" kò parọ́, àmọ́ òtítọ́ tí kò ní láárí ni, nítorí pé òróró tó bá ti ara igi tàbí èso wá, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn rí. Bí ẹni ní omi òun kò ní egungun ni. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá kan wà tó máa ń dì, òun ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó dín ilẹ̀kùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kù. Ẹ wo epo pupa nígbà ọyẹ́, ó máa ń dì nínú kèrègbè. Ẹ wo ọ̀rá ẹran àgbò nínú ọbẹ̀ àná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì epo pupa tó jẹ́ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Nínú òróró àgbọn, ó lé ní 80 nínú 100. Nínú òróró ẹ̀pà, kò tó 20 nínú 100. Òróró sóyà tún kéré sí i.

Nítorí náà kí ni kí á ṣe? Èrò tiwa ni pé ẹni tí LDL rẹ̀ kò ga, tó ń fi ìwọ̀nba epo pupa se ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Àwọn òbí wa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ ọdún ni wọ́n sì ń rí ẹran jẹ yó. Àwa ń wọ ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, a tún fẹ́ kí epo léfòó lórí ọbẹ̀ kí á tó gbà pé wọ́n se é. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé tirẹ̀ ga, òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà ló dára fún un jù, kí òun náà sì jẹ́ ìwọ̀nba. Ẹ̀yin ìyá tó máa ń yọ epo pupa títí tí yóò fi funfun, tí èéfín yóò gba ilé kan, ohun tó pọ́n epo yẹn ni ara fi ń ṣe fítámì A, iná ti jó o dànù, ọ̀rá rẹ̀ tó ń dì kò sì dín.

Lóṣù ààwẹ̀ yìí, àkàrà ló burú jù nínú ohun tí a ń fi ṣínu. Kì í ṣe ẹ̀wà tó wà nínú rẹ̀ o. Ẹ̀wà dára púpọ̀, ó wà lára àwọn oúnjẹ tó ń fa LDL wálẹ̀, òun àti ilá. Ìyọ̀ inú ilá a máa di òróòro mú nínú ìfun, a sì bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ yóò wá ní láti fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ láti ṣe òmíràn. Òróró àkàrà ni ọ̀ràn, pàápàá èyí tí wọ́n ti ń dín nǹkan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, tó ti dúdú. A kò bá àwọn ìyá alákàrà wa jà, owó òróró ti wọ́n. Ẹni tó bá lè se ẹ̀wà kan náà ní ọ̀lẹ̀ kó se é ní ọ̀lẹ̀, kó fi ẹ̀kọ sí i. Dàbínù mẹ́ta àti omi ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀ ìṣínu. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣínu, ṣúgà rẹ̀ ń di ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, òun ló ń mú triglyceride ga.

Ẹyin ńkọ́? Pupa ẹyin kan ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 mílígíráàmù. Tẹ́lẹ̀, ìlànà oúnjẹ Amẹ́ríkà ni pé kí ènìyàn má jẹ ju 300 lọ lóòjọ́. Ìlànà wọn ti 2015 sí 2020 yọ iye yẹn kúrò, nítorí wọ́n rí i pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí a jẹ kì í gbé ti inú ẹ̀jẹ̀ sókè tó bí ọ̀rá tó ń dì ṣe ń gbé e sókè. Ẹyin kan lóòjọ́ kò burú fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ọpọlọ ẹran, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, kí á máa ṣe wọ́n díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó bi wá nípa pọ̀nmọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá. Táyà tí àwọn kan fi ń sun ún ló ń bà wá lẹ́rù.

Ẹ gbọ́ ná, nǹkan kan wà tó ń da àwọn ènìyàn wa láàmú níbi àyẹ̀wò. Bàbá méjì pàdé ní ọgbà mọ́sáláásí, àwọn méjèèjì mú ìwé láàbù lọ́wọ́. Ti ọ̀kan jẹ́ 190, ó ti gbàgbé oúnjẹ, ojú rẹ̀ ti hun. Ti ìkejì jẹ́ 5.8, ó ń dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń dúpẹ́ yẹn gan-an ni tirẹ̀ ga. Òṣùwọ̀n méjì ni àwọn láàbù ń lò: mg/dL àti mmol/L. Tí ẹ bá sọ 5.8 di ìlọ́po 38.67, ẹ ó rí i pé 224 ni. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà kí ẹ tó sunkún tàbí kí ẹ tó yọ̀.

Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, àpapọ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó bá wà nísàlẹ̀ 200 mg/dL, èyí tí í ṣe 5.2 mmol/L, ló dára. LDL ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù: kó wà nísàlẹ̀ 100, ìyẹn 2.6. Bó bá dé 160 ó ti ga. Bó bá dé 190, ìyẹn 4.9, oògùn ni dókítà yóò máa sọ láìwo ohun mìíràn. Ẹni tí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, wọ́n fẹ́ kí LDL tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ 70, ìyẹn 1.8, àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù tilẹ̀ sọ ọ́ di 55, ìyẹn 1.4, ní ọdún 2019. HDL ọkùnrin kò gbọdọ̀ dín ní 40, ti obìnrin 50. Triglyceride, kó má kọjá 150, ìyẹn 1.7. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn "tó ń gbé HDL sókè" fún yín. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lókè òkun, HDL gòkè lóòótọ́, ikú kò dín.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó lèyí. A kò bá wọn jiyàn lórí ti àtijọ́. Ní ayé tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, kò wọ́pọ̀ kí dókítà rí ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí láàárín àwọn ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Láti ọdún 2014 sí 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní ibùdó 15 ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n ń pè ní SIREN. Wọ́n kó ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù, wọ́n sì wá ẹni 2,118 tí kò ṣe, láti fi wé wọn. Ohun 11 ni wọ́n rí tó ń fà á jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú, ó tilẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ fíìfíì. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí kò dọ́gba ló tẹ̀lé e. Àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, sìgá, iyọ̀ tí a ń wọ́n sórí oúnjẹ nídìí tábìlì àti àìrìn wà níbẹ̀. Ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́ wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́! Èyí tí àwọn ọmọ wa ń sọ pé oúnjẹ tálákà ni.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tìtorí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù gbàgbé ìfúnpá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń fi àjẹ́kù owó ra àgbo "tó ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀", tí kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, iwájú ilé ló ń ṣọ́, olè ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ní ti oògùn, èyí tí wọ́n ń lò jù ni wọ́n ń pè ní statin. Ará Japan kan, Akira Endo, ló rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lára èbu ní ọdún 1973, ìyẹn èbu bíi ti orí búrẹ́dì tó ti bàjẹ́. Ó ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ẹ̀dọ̀ yóò wá ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ sí i. Ní ọdún 1994 ni èsì ìwádìí àwọn ará Scandinavia jáde: ènìyàn 4,444 tí ọkàn ti ń ṣe, ìdajì lo statin, ìdajì kò lò ó, lẹ́yìn bí ọdún márùn-ún, ikú fi nǹkan bí 30 nínú 100 dín láàárín àwọn tó lò ó. Ó lè mú iṣan ẹran ara dun àwọn kan, kí wọ́n sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó fẹ́ lóyún, kó tètè sọ fún dókítà. Ẹni tó bá lò ó tí nọ́ńbà rẹ̀ sì wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, yóò tún gòkè.

Kò sì sí ìdí láti torí ààwẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, alẹ́ sì ni wọ́n ń lo àwọn kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìṣínu, ó ti bọ́ sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń lò lẹ́ẹ̀mejì, tàbí oògùn tó ń múni tọ̀, ẹ lọ bá dókítà yín kó tò ó sí ìṣínu àti sààrì. Ẹni tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, tàbí tí àyà ń dùn bó bá rìn díẹ̀, kó má gbààwẹ̀ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda fún un. Ẹ̀sìn ti fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn, kì í ṣe ìtìjú.

Ó ku ìyá wa tó kọ lẹ́tà. Ìyá, a bá yín kẹ́dùn, Ọlọ́hun yóò fi orí jin bàbá. Àwọn kan wà tí a bí mọ́ ilẹ̀kùn tí kò pé, bí ẹnì kan nínú 300 ènìyàn. LDL wọn ti ga láti kékeré, bí wọ́n tilẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ ọ̀rá. Ìdajì ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń jogún rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ní ọdún 2006, Jonathan Cohen àti Helen Hobbs ní Texas kọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, 2.6 nínú 100, tí a bí mọ́ LDL tó fi 28 nínú 100 kéré sí ti ẹlòmíràn, àrùn iṣan ọkàn sì fi 88 nínú 100 dín láàárín wọn. LDL tó kéré láti ìgbà èwe ló ṣe é. Bàbá tó bá ti ipa àrùn ọkàn kú kó tó pé ọdún 55, dókítà máa ń kà á sí pàtàkì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí wọ́n bá sanra. Wọ́n lè lọ nínú ààwẹ̀ yìí ní ọ̀sán, ebi ọ̀sán yẹn á ti tó fún àyẹ̀wò náà, ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà ló sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá fà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n sọ fún dókítà bí bàbá wọn ṣe kú àti ọjọ́ orí rẹ̀. Bí èsì bá jáde, ẹ tún kọ̀wé sí wa, kí ẹ sì jọ̀wọ́ kọ ọ́ bóyá mg/dL ni tàbí mmol/L.